Kí Omi Má Baà Gba Imú Yín Wọlé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Ìgò Afẹ́fẹ́ Mòòkùn

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lábẹ́ igi máńgòrò ilé wa l'Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, abúrò mi ki ojú bọ bàsíìnì omi. Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó sì fò dìde bí ẹni tí agbọ́n ta nímú. Omi ń ṣàn lójú, ikun ń yọ nímú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti gba imú mi wọ agbárí!" Màmá wa tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbójú sókè: "Ọ̀sà tó wà nísàlẹ̀ ìlú ò tó yín, inú bàsíìnì lẹ tún fẹ́ kú sí?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ ohun tó ṣe é. Ohun kan náà ló ṣe mí ní Dakar ní ilẹ̀ Senegal, níbi tí iṣẹ́ gbé mi lọ, tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìgò afẹ́fẹ́ mòòkùn. A wà ní nǹkan bíi mítà mẹ́fà nísàlẹ̀ òkun nígbà tí omi wọ másíkì mi, awò ńlá tó bo ojú àti imú. Mo gbàgbé ara mi, mo fi imú fa èémí. Ó ta mí láti ihò imú dé àárín orí. Gbogbo ara ń sọ fún mi pé kí n ta sókè. Olùkọ́ wa gbá ọrùn ẹ̀wù mi mú, ó tẹjú mọ́ mi, ó ń fi ọwọ́ júwe: máa mí, máa mí. Ẹ̀bi tèmi ni. Mo ti fo ẹ̀kọ́ kan tó yẹ kí n kọ́ kí n tó fẹsẹ̀ kan omi. Ẹ̀kọ́ náà ni mo ń kọ́ abúrò mi nínú bàsíìnì yẹn, òun ni mo sì fẹ́ là sílẹ̀ níbí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu yín

Másíkì kọ́ ló ń dá omi dúró nímú. Másíkì dára, ṣùgbọ́n a máa jò, a máa yẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnìkejì sì lè gbá a kúrò lójú ẹni. Inú ẹnu ni ohun tó ń dá omi dúró gan-an wà: ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu, èyí tí bélúbèlú so rọ̀ sí. Tó bá gbéra sókè, ó pa ọ̀nà imú dé, èémí á máa gba ẹnu nìkan. Tó bá rọlẹ̀, imú àti ẹnu ti dọ̀kan nìyẹn, omi tó bá wà nímú á bá èémí wọ ọ̀fun.

Àwa tó ń sọ Yorùbá kì í pẹ́ mọ ilẹ̀kùn yìí, nítorí pé ojoojúmọ́ là ń ṣí i tí a sì ń tì í. Ẹ fi ìka méjì fún imú pa, kí ẹ wá pe "rí", kí ẹ fà á gùn: rííí. Ó dún ketekete, bí ẹni pé imú ò dí. Ẹ wá pe "rín", kí ẹ fa ìyẹn náà gùn. Ohùn há, imú ń gbọ̀n lábẹ́ ìka yín. Níbi "rí", ilẹ̀kùn tì. Níbi "rín", ó ṣí. Ẹ tún fi "kú" àti "kún" dán an wò. Kò sẹ́ni tó fi èyí hàn mí ní Dakar. Inú yàrá mi l'Àjàṣẹ́ ni mo ti ṣàkíyèsí rẹ̀, nígbà tí mo ti jìyà tán.

Ìdí àdògán náà ni ẹ ti lè rí i. Ẹni tó ń fi ẹnu fẹ́ iná, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń gba imú rẹ̀ jáde. Ó ti ilẹ̀kùn láìmọ̀.

Báyìí, ẹ la ẹnu díẹ̀. Ẹ pe "rííí", kí ẹ wá gbé ohùn jẹ́ẹ́ láìjẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun yí padà kúrò bó ṣe wà. Ẹ fi ẹnu fa èémí sínú, ẹ fi ẹnu tú u síta, nígbà ogún. Kí ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ imú bí ẹ ṣe ń ṣe é. Atẹ́gùn kankan ò gbọdọ̀ kàn án. Tó bá ti rọrùn, ẹ yí i padà: ẹ fi ẹnu fà á sínú, ẹ fi imú tú u síta. Ti àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ kí èèyàn lè mí nígbà tí omi bá bo imú. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n fi ń lé omi kúrò nínú másíkì. Kò sí ẹ̀kẹta. Fífi imú fa èémí sínú ni kí ẹ gbàgbé pátápátá láti ìgbà tí ẹ bá ti gbé másíkì wọ̀ lórí ilẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá dé inú omi.

Ẹ̀yìn zém, ọ̀kadà tiwa, ni mo ti máa ń ṣe tèmi, láti ọjà Ouando dé ilé. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: bàsíìnì

Ẹ wá bàsíìnì oníke tó gba odidi ojú, èyí tó gba lítà 10, àti tuba, ọ̀pá ìmí tí wọ́n ń ki bọ ẹnu. Ẹ wá ẹnìkan tí yóò dúró tì yín. Mi ò fi ti ẹnìkan yìí ṣeré o: omi bàsíìnì tó láti pa ẹni tí òòyì bá kọ́.

Ẹ se omi náà kó hó, kí ẹ fi sílẹ̀ kó tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn iyọ̀ gíráàmù 90 sínú lítà 10, kí ẹ rò ó títí yóò fi yọ́. Iyọ̀ yìí ló yí gbogbo nǹkan padà fún abúrò mi. Omi inú ara wa ní iyọ̀ bíi gíráàmù 9 nínú lítà kan. Omi ẹ̀rọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rárá, ti òkun sì ń lọ sí gíráàmù 35. Yálà omi náà fi iyọ̀ dín sí ti ara ni o, yálà ó fi jù ú lọ, yóò ta awọ inú imú. Ṣùgbọ́n tí iyọ̀ rẹ̀ bá ṣe déédéé pẹ̀lú ti ara, ó lè gba imú wọlé kí ó má ta yín rárá. Ohun tí a ń lé ni pé kí ọkàn kọ́kọ́ mọ̀ pé omi nímú kì í ṣe ikú. Tí ìyẹn bá ti wọlé, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ lè máa dín iyọ̀ kù.

Àwọn tó ń ṣe àlùwàlá ti ṣáájú níbí. Ẹni tó ń fa omi símú tó sì ń fọn ọ́n dà nù lójoojúmọ́ láti kékeré lè má ta gìrì tó bí àwọn yòókù ṣe ń ta.

Kí ló dé tí mi ò ní kí ẹ lọ sọ́sà, tó wà nítòsí, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́? Lákọ̀ọ́kọ́, omi ibẹ̀ dúdú, èèyàn ò lè rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Àwọ̀n àwọn apẹja wà níbẹ̀, àkàjà náà wà níbẹ̀, àwọn igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè sá sí. Ẹni tó bá há sínú rẹ̀ kò ní rántí imú mọ́. Ìdọ̀tí ìlú náà ń ṣàn wọ̀ ọ́. Ohun kan sì wà tí kò wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n tó burú: kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Naegleria fowleri a máa gbé inú omi aláìníyọ̀ tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́. Téèyàn bá mu ún, kò ṣe nǹkan kan. Tó bá gba imú wọlé ló lè gun ọpọlọ lọ. Kò lè gbé inú omi òkun. Ọ̀sà tiwa sì ń yí pẹ̀lú àsìkò: omi òkun ń gba Kútọnù wọ inú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tí odò Ouémé bá kún dé ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, iyọ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nítorí kòkòrò yìí náà ni mo ṣe ní kí ẹ se omi bàsíìnì. Ẹni tí omi odò tàbí ti kòtò bá gba imú rẹ̀ wọlé, tí orí wá ń fọ́ ọ gidigidi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú ibà àti ọrùn tó le gan, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì sọ fún dókítà pé omi wọ òun nímú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú igbá kan, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi bàsíìnì gbọọrọ. Omi kò kún un, afẹ́fẹ́ ti há sínú rẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà díẹ̀: gbùlù! Afẹ́fẹ́ jáde, omi wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ihò imú. Tí ojú yín bá kọ ilẹ̀ tàbí ó kọ iwájú, igbá tí a dojú rẹ̀ dé ni ihò imú yín, omi kò ní í wọlé àfi tí ẹ bá fà á. Ìgbà tí ẹ bá gbé àgbọ̀n sókè, tí ẹ ń wo ojú ọ̀run, ni igbá dà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, yóò wúlò ní písíìnì, adágún omi ìwẹ̀.

Ẹ fi tuba sẹ́nu, ẹ ki ojú bọ omi láìlo másíkì, kí ẹ máa mí bí ẹ ṣe mí níbi "rí". Èémí mẹ́ta péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti ta yín, ẹ dìde, ẹ fọn imú, ẹ tún padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo èèyàn ni pé ọ̀fun yóò fẹ́ há nígbà tí omi bá kan ojú. Kì í ṣe ojo, ara ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Yóò tú lẹ́yìn èémí mélòó kan. Tí ẹ bá dé ogún láìta gìrì, ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí tó jẹ́ ẹnu sínú, imú síta, kí omi máa hó gúlúgúlú níwájú yín.

Ọjọ́ karùn-ún ni abúrò mi lo ìṣẹ́jú méjì gbáko. Màmá ló bá a kà á, pẹ̀lú ẹ̀wà lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: másíkì tó bá ojú mu

Ẹ má ra awò ìwẹ̀ tí kò bo imú, ẹ má sì ra ìfúnmú tí àwọn kan fi ń di imú pa. Bí èèyàn ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi ń tẹ̀ ẹ́. Ní mítà 10, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú másíkì á sún kì, másíkì á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ojú. Imú la fi ń tú èémí díẹ̀ sínú rẹ̀ kó lè rọlẹ̀. Awò tí kò bo imú á fa ẹyinjú títí iṣan ẹ̀jẹ̀ á fi já.

Láti dán másíkì wò, ẹ gbé e lé ojú láìfi okùn rẹ̀ kọ́ orí, ẹ fi imú fa èémí díẹ̀ (níbí nìkan o), ẹ dojú kọlẹ̀, kí ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀. Tó bá dúró, tiyín ni. Tó bá já bọ́, ẹ dá a padà fún oníṣòwò, bó ti wù kó rẹwà tó. Irun kan ṣoṣo tó bá wọ abẹ́ rọ́bà rẹ̀ tó láti mú kó jò, nítorí náà ẹ̀yin tó dirun, ẹ fa gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó ní irunmú, kó fá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ imú. Tí ẹ bá sì ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ omi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gbé rọ́bà sókè, omi á wọlé. Ẹ gbé ẹ̀rín dé òkè.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni ti okùn. Másíkì jò, ẹ fún okùn. Ó tún jò, ẹ tún fún un. Fífún yẹn gan-an ló ń ká rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ẹ tú u díẹ̀, ẹ ó rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: inú písíìnì, pẹ̀lú ìgò lẹ́yìn

Láti ibí lọ, ẹ kò gbọdọ̀ dá a ṣe. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ wà, nínú omi tí ẹ lè dìde dúró nínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín lọ sí etí òkun wa fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ìgbì tó ń fọ́ níbẹ̀, tí àwọn Faransé ń pè ní la barre, ń dà àwọn ọlọ́kọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ dànù.

Ẹ̀rọ tó ń wà lẹ́nu, tí wọ́n ń pè ní détendeur, ló ń fún wa ní afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n bí omi ṣe ń tẹ̀ wá. Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ló ṣe irú rẹ̀ tó wá gbajúmọ̀, ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1943. Ẹnu nìkan ló mọ̀. Ní ti mímí, imú kò ní iṣẹ́ míì ju ti másíkì lọ.

Ẹ kúnlẹ̀ sílẹ̀ písíìnì. Ẹ fi ìka gbé etí másíkì díẹ̀, kí omi wọlé dé abẹ́ ojú. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ẹ mí ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí ẹ má tíì dà á nù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kánjú kọjá ibí. Èmi rò pé ibí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà wà. Ẹni tó lè fi omi sílẹ̀ nínú másíkì kó sì máa mí, kí ló tún kù tí yóò dẹ́rù bà á?

Nísinsìnyí, dídà á nù. Ẹ fi ẹnu fa èémí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ òkè másíkì mọ́ iwájú orí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tú èémí láti imú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kùn, KÍ Ẹ TÓ gbé ojú sókè. Ìtẹ̀léra yìí ni kí ẹ mú le. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbójú sókè ti da igbá nù, omi á ṣàn sí i nímú kó tó rántí pé ó yẹ kí òun fẹ́ nǹkan kan. Èémí ti ń jáde, ojú wá ń gbéra, afẹ́fẹ́ á gba òkè másíkì, omi á gba ìsàlẹ̀ sá jáde. Ẹ má fọn ọ́n bí ẹni fọn ikun. Afẹ́fẹ́ tó bá yára jù á gba ẹ̀gbẹ́ sálọ, omi á dúró síbi tó wà. Èémí gígùn kan máa ń tó. Tí kò bá tó, ẹ fi ẹnu fa òmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kó kún pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bọ́ ọ kúrò. PADI, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn pé kó mí fún ìṣẹ́jú kan láìní másíkì lójú. Ẹni tó ti ṣe ti bàsíìnì á rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tó bá ti wọlé nísàlẹ̀ ńkọ́?

Ẹ dúró lójú kan. Ẹ di nǹkan kan mú, òkúta tàbí ọwọ́ ẹnìkejì yín. Ẹ fi ọwọ́ kan ti détendeur mọ́ ẹnu, kí ẹ tú èémí síta kí ẹ tó fa òmíràn, nítorí pé omi tó wà lọ́fun á kọ́kọ́ bá a jáde. Ikọ́ ń bọ̀? Ẹ wú u sínú détendeur, kò ní bàjẹ́; èèyàn lè bì sínú rẹ̀ pàápàá. Ẹ gbé ahọ́n sókè mọ́ àjà ẹnu tí ẹ bá ń fa èémí, kó lè dá ẹ̀kán omi tó kù dúró. Ẹ gbé itọ́ mì. Ìgbà tí ọ̀fun bá tú ni kí ẹ tó da másíkì nù.

Ẹ má ta sókè. Àwọn tó ń mòòkùn kó yanrìn lọ́sà, èémí kan ni wọ́n ń gbé sọ̀kalẹ̀, wọ́n á dì í mú títí wọ́n á fi yọrí, kò sì sí ohun tó ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró wọn, nítorí pé orí ilẹ̀ ni wọ́n ti fà á. Tẹni tó gbé ìgò yàtọ̀. Èémí tó fà ní mítà 10 á di ìlọ́po méjì kó tó dé òkè. Tó bá dì í mú, tó sì ta sókè nítorí imú tó ń ta á, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ya. Mítà méjì péré lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ mi fi gbá mi lọ́rùn ẹ̀wù lọ́jọ́sí. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ gòkè, ẹ gòkè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì yín, kí èémí má dúró.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gòkè

Ẹ fọn imú ní ihò kọ̀ọ̀kan, láìlo agbára. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú másíkì a máa ṣẹlẹ̀ tí imú bá ti dí kí ẹ tó wọ omi. Tó bá pọ̀, tàbí tó ń padà wá, tàbí tí iwájú orí ń dùn yín, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe kó jókòó sílé. Kó má lo oògùn ìtúmú torí kó lè wọ omi, nítorí oògùn lè tán lára nígbà tó wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sínú orí rẹ̀ nígbà tó bá ń gòkè.

Omi kan tún máa ń pamọ́ sínú ihò egungun tó wà lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò ní ta yín, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ ó ti gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí abúrò mi lọ sí písíìnì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Kútọnù, a délé ní ìrọ̀lẹ́, ó jẹ àkàsà tirẹ̀ tán, ó bọ́ sórí ẹní láti kírun. Bó ṣe forí kanlẹ̀ báyìí, omi dà láti imú rẹ̀ sórí ẹní, tó ẹ̀kún ṣíbí kan. Kò gbéra. Ó parí ìrun rẹ̀, ó nu ẹní, ó wò mí, Màmá sì ti bú sẹ́rìn-ín.